Ọjọ́ Tí Kettle Spur Dìbò fún Òrùlé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òrùlé kò lè ya tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ẹ sọ fún un pé kò tíì dé Kettle Spur. Òrùlé ilé-ìwé ni. Ó ti ń jò láti ìgbà tí Arlys Brekke fúnra rẹ̀ ti ń gbé àpò ìwé lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n tún un lẹ̀, títí àlẹ̀mọ́ fi pọ̀ ju òrùlé lọ. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé gbé ìtìjú tì, wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ará ìlú bá dìbò Bẹ́ẹ̀ ni, owó orí ilẹ̀ wọn yóò lé sí i, wọn yóò fi kan òrùlé tuntun, wọn yóò sì ra ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Bí wọ́n bá dìbò Rárá, ilé-ìwé yóò tì pa, àwọn ọmọ yóò sì máa lọ sí Harlow.

Harlow, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe pé ó jìnnà nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà. Harlow ni ìlú tó máa ń na àwọn ọmọ Kettle Spur nínú bọ́ọ̀lù alágbọ̀n lọ́dọọdún, tí wọ́n á sì tún tò lẹ́yìn eré síwájú tábìlì tí àwọn ìyá Kettle Spur ti ń ta kéèkì, tí wọ́n á rà á lọ́wọ́ wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwọn àgbàlagbà wà ní Kettle Spur tó ti dárí ji àwọn tó dojú ìbọn kọ wọ́n lójú ogun. Wọn kò tíì dárí ji Harlow.

Ní ti Arlys, gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju Tessa lọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé. Ẹsẹ̀ ni Tessa fi ń rìn lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀, á kí gbogbo ajá ojú ọ̀nà lórúkọ. Bí wọ́n bá ti ilé-ìwé yẹn pa, òkùnkùn ìdájí ni bọ́ọ̀sì yóò wá gbé e, òkùnkùn alẹ́ ni yóò dá a padà. Arlys á jí lóru, á lọ wo ọmọ náà lójú oorun.

Kò sì lè sọ ọ́. Òun ni alága ibùdó ìdìbò, ó ti búra pé òun kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń bá oníwàásù parí gbólóhùn, ó wá dákẹ́ bí ẹja láti oṣù kìíní. Àwọn aládùúgbò rò pé àìsàn ni. Ẹnìkan gbé ọbẹ̀ adìẹ wá fún un.

Olórí àwọn tó ń sọ pé Rárá, ta ni? Orval Tveit ni, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo.

Orval kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò láya, kò bímọ, ó ní màlúù oníwàrà díẹ̀ àti ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Lọ́dọọdún ni owó orí ilẹ̀ yẹn ń ga, lọ́dọọdún ni owó wàrà ń rẹlẹ̀. Ó ti rí àwọn àgbẹ̀ méjì ládùúgbò rẹ̀ tó ta ilẹ̀ wọn, tí wọ́n wá ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtajà. Nítorí náà ó kọ pátákó kan, lẹ́tà rẹ̀ ga bí ọmọ ọwọ́ tó dìde dúró: RÁRÁ. ILẸ̀ MI KÌ Í ṢE ÀPÒ YÍN. Ibo ló wá rì í sí? Iwájú fèrèsé ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an, ní òdìkejì títì. Bí Arlys bá ń fọ abọ́, pátákó ń wò ó. Bó bá ń bó ọ̀dùnkún, pátákó ń wò ó. Ó lọ bá Orval lóko pé kó gbé e kúrò. Orval ní kí ẹ̀gbọ́n òun má bínú, ilẹ̀ ibẹ̀ dára fún pátákó. Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, tí ààyè ènìyàn méjì tó ṣófo wà láàárín wọn bí ìlú kékeré.

Ohun kan tún wà. Orval yìí kan náà ni ìjọba ìbílẹ̀ gbà láti máa wa ọkọ̀ ńlá tó ń gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọjọ́ ìdìbò dé, nínú oṣù kẹrin, tí òdòdó ti yẹ kó máa yọjú. Yìnyín ló yọjú. Kì í ṣe èyí tó ń rọra já bọ́ bí ìyẹ́ adìẹ o. Èyí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wá ni, pẹ̀lú ìjì, bí ìgbà tí ẹnìkan dúró sókè tó ń da ìyẹ̀fun sí ìlú lójú. Inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé ni wọ́n ti ń dìbò, nítorí kò síbòmíràn tó gba èrò. Arlys jókòó sẹ́yìn tábìlì, àpótí ìbò wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Wilma Pfister wà lápá òsì.

Wilma yìí, opó àgbẹ̀ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mú bí ti àṣá, ìhà Rárá ló sì wà tọkàntọkàn. Òun àti Arlys ti ń jókòó sídìí tábìlì yẹn láti ìgbà tí irun wọn ti dúdú. Agolo bisikíìtì kan náà ni wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ̀. Wọn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun rí, àfi bisikíìtì.

Kò pẹ́ tí ilẹ̀kùn ṣí ni ooru inú gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ yìnyín orí òrùlé. Tó. Tó. Tó. Omi ń kán láti àjà. Ẹni tó ń tọ́jú ilé-ìwé kó garawa wá, ó gbé wọn sílẹ̀ káàkiri bí ẹni ń gbé abọ́ fún àlejò. Àwọn èrò tó wá dìbò ń yí garawa ká, wọ́n ń gbójú sókè, wọ́n ń mi orí.

Wilma fara balẹ̀ wò wọ́n. Ó yọ bisikíìtì lẹ́nu.

"Arlys, àwọn garawa yìí ń polongo ìbò."

Arlys wo garawa tó sún mọ́ ọn jù. "Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ń sọ pé òrùlé ń jò."

"Òrùlé kúkú ń jò, Wilma."

"Mi ò bá ọ sọ òótọ́, òfin ni mò ń bá ọ sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polongo nítòsí àpótí ìbò. Bí Orval bá gbé pátákó rẹ̀ wọlé, ṣé wàá gbà fún un?"

Gbogbo ojú yí sí Arlys. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bó bá ní kí garawa dúró, wọn á ní ó gbè sẹ́yìn Bẹ́ẹ̀ ni. Ó mọ ọkàn ara rẹ̀, ó mọ ibi tó tẹ̀ sí, ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n kó garawa jáde.

Ará ìlú kùn. Ẹni tó ń tọ́jú ilé-ìwé kó wọn jáde. Omi ń kán sórí ilẹ̀ pákó tí wọ́n ti fi ọ̀dà dán bíi dígí. Wilma mú bisikíìtì mìíràn pẹ̀lú ìṣẹ́gun. Ìgbà náà gan-an ni Harvey Pfister wọlé, àbúrò ọkọ Wilma tó ti dolóògbé, ẹni Rárá pọ́ńbélé, ó gbọn yìnyín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì kò gba àṣẹ. Láti ẹnu ọ̀nà ni Harvey ti jókòó sílẹ̀, ó sì yọ̀ lọ tìdítìdí, fìlà rẹ̀ lórí, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan bí ẹni tó jókòó nínú bọ́ọ̀sì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó dúró sídìí àpótí ìbò.

Harvey gbójú sókè wo Arlys. "Ṣé ó ti kàn mí?"

Wilma dìde. Ó jáde, ó gbé garawa kan wọlé fúnra rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ omi, ó padà jókòó.

"Kò polongo mọ́?" Arlys béèrè.

"Mo ti kìlọ̀ fún un," ni Wilma wí.

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn kò pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ kó ti wà láàárín ọ̀run, tí a kò sì rí oòrùn, Arlys bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí àwọn tó ń wọlé. Àwọn arúgbó àárín ìlú ni, àwọn tó lè fi ọ̀pá rìn wá, àwọn tí owó ìfẹ̀yìntì wọn kò kún ọwọ́. Rárá ni púpọ̀ wọn, kò sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn tó ní ọmọ kéékèèké, ibo ni wọ́n wà? Ọ̀nà Adágún ni wọ́n ń gbé, níbi tí ilé kò ti wọ́n. Kò tíì sí ẹnìkan tó ti ọ̀nà yẹn wá láti àárọ̀.

Obìnrin tó ń ta kéèkì lọ́dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́ tẹlifóònù. Ó wọlé, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ dé gbogbo igun. Kayleen Maki ló pè é láti etí adágún. Yìnyín ti dí ọ̀nà pátápátá, ó mu ènìyàn dé ìbàdí, mọ́tò kankan kò lè jáde. Gbogbo ọ̀nà àárín ìlú ló ti mọ́ kedere, a ti gbá wọn. Ọ̀nà Adágún nìkan ni ọkọ̀ Orval kò tíì dé.

Kò sí ẹni tó sọ ohun tó kù. Kò sí ẹni tó nílò rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fẹ́ Rárá ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà tí Bẹ́ẹ̀ ni máa gbà wá.

Arlys na ọwọ́ sí fóònù. Ó fà á padà. Bó bá pe Orval pé kó lọ gbá ọ̀nà fún àwọn tó fẹ́ dìbò Bẹ́ẹ̀ ni, kí ló kù nínú ìbúra rẹ̀? Ó tún na ọwọ́. Ó tún fà á padà. Ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan, ó jókòó lé e.

Wilma ń wò ó tìfuratìfura. Nígbà tó ṣe, ó rọra sọ pé, "Orval ò lè mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo wẹ̀ fún un lọ ni?"

"Èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀," ni Wilma wí. "Ìdí tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Arlys ti agolo bisikíìtì sẹ́yìn. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ti gbé Orval lọ sí ilé ẹjọ́, ó ti dá a lẹ́bi, ó ti tì í mọ́lé, ó sì ti ju kọ́kọ́rọ́ sínú adágún. Wákàtí ń yí. Èrò ń dín. Ìjì ń gbá ojú fèrèsé. Ilẹ̀ ṣú, agogo méje lù, àpótí ìbò jókòó síbẹ̀ bí àpótí òkú kékeré.

Harvey ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti dìbò tipẹ́, ṣùgbọ́n ìdí ń dùn ún, kò sì fẹ́ fi ara rẹ̀ sínú ìjì, ó dúró sí fèrèsé pẹ̀lú kọfí. Ó ní, "Kí nìyẹn?"

Iná pupa rúsúrúsú kan ń yí nínú funfun lọ́hùn-ún, bí ojú ẹranko ńlá tó ń wá nǹkan. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró, ó fà sẹ́yìn, ó tún fi orí gbá yìnyín, yìnyín fò sókè bí ìgbì òkun. Ọkọ̀ Orval ni. Gbogbo wọn dìde lọ sí fèrèsé, Bẹ́ẹ̀ ni àti Rárá, wọ́n lẹ imú mọ́ dígí.

Lẹ́yìn ọkọ̀ náà iná kékeré méjì yọ. Lẹ́yìn ìyẹn, méjì mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn, àti òmíràn, ó ń yọ láti orí òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, iná mọ́tò tó so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, ó gùn títí ojú kò fi rí ìparí rẹ̀. Kò sí ariwo kankan. Ọ̀nà Adágún látòkèdélẹ̀ ló ń rọra rìn bọ̀ nínú ìjì yẹn, mọ́tò kan kò sáré, mọ́tò kan kò yà, gbogbo wọn wà nínú ojú ipa tí ọkùnrin kan là fún wọn. Arlys Brekke ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu, kò sì gbé e kúrò.

Wọ́n wọlé pẹ̀lú yìnyín léjìká, pẹ̀lú ọmọ nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n fi ń fún wàrà. Ìlà kún gbọ̀ngàn, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, ó rọ̀ mọ́ ara ògiri níta. Láti ẹnu wọn ni ìtàn náà ti jáde. Láti ọ̀sán ni Orval ti wà lójú ọ̀nà yẹn. Bó bá gbá ibì kan, ìjì á tún dí i lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó ti rí i pé ọ̀nà kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, ó wakọ̀ lọ dé ilé tó jìnnà jù lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ padà bọ̀, ó ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà oníkálukú. Ohun tó sọ kò yí padà láti ilé dé ilé: "Tẹ́ ẹ bá máa lọ dìbò òmùgọ̀ yín, ẹ bọ́ sẹ́yìn mi báyìí. Ọ̀nà ò ní dúró dè yín, èmi náà ò sì ní padà wá."

Ó sì padà. Mọ́tò tó kẹ́yìn ti yọ̀ sínú kòtò nísàlẹ̀ òkè, Orval ti yí ọkọ̀ padà láti lọ fà á jáde. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ láti àárọ̀. Kò tíì jẹun.

Wilma wo orúkọ tó wà níwájú rẹ̀, ó gbójú sókè. "Arlys. Orval ò tíì dìbò."

Agogo mẹ́jọ ni ilẹ̀kùn máa tì. Òfin ibẹ̀ rọrùn: ẹni tó bá ti wà lórí ìlà nígbà tí agogo bá lù, á dìbò, bí ìlà náà tilẹ̀ dé Harlow. Ẹni tí kò bá sí lórí ìlà, á lọ sílé. Kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, alága fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Ara rẹ̀ ni ilẹ̀kùn. Arlys wọ kóòtù rẹ̀, ó ní kí Wilma dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó máa wo aago, kí ó ké sí òun bó bá tó. Ó bọ́ síta.

Kayleen Maki ló kẹ́yìn ìlà, obìnrin sísanra tó ń rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà, ó so ọmọ ọwọ́ mọ́ àyà nínú kóòtù, orí ọmọ náà nìkan ló yọ. Arlys ń lọ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí iná pupa náà wọ ọgbà.

Mọ́tò ti kún ọgbà dẹ́nu. Ọkọ̀ Orval kò rí ọ̀nà, ó dúró lọ́hùn-ún ní ìparí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Orval sọ̀ kalẹ̀ bí àgbàlagbà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó di irin mú, ó na ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀. Orúnkún rẹ̀ tí màlúù ta nípàá nígbà kan ti gan. Yìnyín inú ọgbà mù ún dé itan. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Ó dúró. Ó gbé òmíràn. Ó tún dúró, ó gbá ọkọ̀ mú.

"Aago ti ń lọ o," ni Wilma ké láti ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo ènìyàn tó wà lórí ìlà yí padà. Wọ́n rí i. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n mọ ohun tó máa dì. Wọ́n kàn ní láti dúró jẹ́ẹ́ ni, kí aago ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Arlys náà kàn ní láti dúró ni. Tessa wá sí ọkàn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì yẹn, nínú òkùnkùn yẹn, orí rẹ̀ lára dígí. Ó dúró. Ẹ má parọ́ fún ara yín, ẹ̀yin náà ì bá dúró.

Kayleen fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ kan.

Arlys rò pé ó yọ̀ ni. Kayleen tún fi ẹ̀yìn rìn, ó kúrò lára ògiri, ó bọ́ sínú yìnyín, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ mú ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ láìwò ó. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo Orval, ó bọ́ sínú yìnyín pẹ̀lú rẹ̀, ó na ọwọ́ mú ẹni tó wà níwájú tirẹ̀. Ẹni yẹn náà bọ́ síta. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ. Ìlà náà tú kúrò lára ògiri bí okùn tí a ń tú fún ẹni tó já sínú kànga, ó ń gùn, ó ń gùn sínú ọgbà, ọwọ́ mú ọwọ́, apá nà tán, àwọn ọmọdé rọ̀ mọ́ aṣọ ìyá wọn, gbogbo rẹ̀ ń yọ́ lọ bá ọkùnrin tó fẹ́ dìbò lòdì sí wọn.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Wilma béèrè.

"Orí ìlà la wà, mà," ni Kayleen wí. "Ìlà ọ̀hún ló ń rìn."

Orval náà ti rí wọn. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń lé wọn bí ẹni ń lé adìẹ. "Ẹ padà. Ẹ ti ya wèrè ni? Rárá ni mo fẹ́ dì. Mo ní Rárá ni mo fẹ́ dì."

"A mọ̀, Bàbá," ni Kayleen wí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹ mú ọwọ́ mi."

Arlys ní láti lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó kẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà láti ògiri lọ, ó ń kọjá níwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn ń tan sí wọn lójú, ó ń kúrò, ó ń tan. Ó ti mọ àwọn ojú wọ̀nyí láti ìgbà tí wọ́n ti wà nínú aṣọ ìsàmì. Ó ṣe é bí ẹni pé kò rí wọn rí. Nǹkan kan gbá a láyà tó jẹ́ pé bí ó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó mọ orúkọ tí ì bá pè é. Ó dé ìparí ìlà gẹ́lẹ́ bí ọwọ́ Orval ti wọ inú ọwọ́ Kayleen. Ó yí lọ sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ó dúró.

"Ó tó," ni Wilma ké.

Arlys gbé ohùn sókè, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tó ti sọ lọ́dọọdún, tí kò sì rò rí. "Ìdìbò ti parí. Ẹni tó bá wà níwájú mi nìkan ló lè dìbò."

Ẹ̀yìn Orval ló wà níwájú rẹ̀, ó gbòòrò, ó tutù rin.

Ó dìbò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó lọ sílé, nítorí gbangba ni wọ́n ti ń ka ìbò níbẹ̀, ìjì kò sì gbà fún ẹnikẹ́ni láti nìkan lọ. Arlys ṣí àpótí. Ìwé kan wà lókè pátápátá, tó ká sí méjì, tí etí rẹ̀ ti rẹ. Ó mọ ẹni tó sọ ọ́ sí i kẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìbò sì jẹ́ àṣírí ẹni. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ inú ìkòkò ńlá, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, títí ìwé yẹn fi sọnù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kúkú máa rò ó," ni Orval wí láti ìdí ògiri, kéèkì lẹ́nu rẹ̀. "Rárá ni mo dì. Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi Bẹ́ẹ̀ ni bà mí lórúkọ jẹ́."

Wilma ló ń kà á síta, Arlys ló ń fa igi ìṣirò sórí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Rárá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn Wilma kò yí padà fún èyíkéyìí, àfi pé nígbà mìíràn ó máa ń gbé Bẹ́ẹ̀ ni mì kí ó tó pè é, bí ògùn. Rárá sáré lọ síwájú, ó dúró síwájú títí ọmọ ọwọ́ Kayleen fi sùn. Bẹ́ẹ̀ ni lé e bá. Rárá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jẹ kéèkì mọ́. Nígbà tí ìsàlẹ̀ àpótí yọ, Wilma ka ìwé tó kẹ́yìn, ó wo igi tí Arlys fà, ó kà wọ́n fúnra rẹ̀, ó tún wọn kà. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni fi ìbò mẹ́ta borí," ni ó wí. "Wọ́n á kan òrùlé tuntun. Kí Ọlọ́run ṣàánú àwa tó máa san owó rẹ̀."

Ẹ̀yin ì bá ti retí ariwo. Kò sí. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, omi ń kán, wọ́n ń wo ara wọn bí àwọn tó jọ gbé ohun wíwúwo kan sọ̀. Lẹ́yìn náà Harvey, ẹni Rárá, di ìdí rẹ̀ mú, ó rìn lọ bọ Kayleen lọ́wọ́. Ìgbà náà ni ariwo wá bẹ́.

Ọ̀nà ti dí padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti délé: kí gbogbo ìlú bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ Orval. Wọ́n tò. Arlys ti àpótí pa, ó fi èdìdì dì í, Wilma sì gbé e. Arlys jáde sínú òtútù, kò wá mọ́tò rẹ̀. Ó lọ sí ìdí ọkọ̀ ńlá náà, ó di irin mú, ó gùn ún. Kò wọ inú rẹ̀ rí. Ó ń rùn bí epo àti màlúù.

Ọkọ̀ náà wọ ojú ọ̀nà.

"Ẹ rò pé mi ò ní dé Ọ̀nà Adágún," ni Orval wí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Orval yí ìdarí ọkọ̀, yìnyín ṣí sí méjì níwájú wọn. "Iṣẹ́ mi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀nà ni wọ́n gbà mí fún. Wọn ò gbà mí fún ìbò." Ó fi ọwọ́ nu dígí iwájú rẹ̀. "Èmi náà rò pé wọ́n á jẹ́ kí n dúró síta ni."

Arlys yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Iná ń tẹ̀ lé wọn láti ibẹ̀ títí dé ibi tí ayé parí sí. Nígbà tí wọ́n bá kọjá níwájú ilé kan, iná méjì á yà kúrò, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á wọlé, àwọn tó kù á sún mọ́ra dípò rẹ̀. Orval ń wò wọ́n nínú dígí.

"Bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn," ni ó ń kùn. Òmíràn yà. "Bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn náà, olè." Òmíràn yà, ó ṣẹ́jú iná. Orval gbé ọwọ́ kan sókè, ó dá a lóhùn.

"Ìyẹn ńkọ́?" Arlys béèrè.

Orval ronú. "Mi ò mọ èwo ni ìyẹn dì," ni ó wí, ó sì dẹ ẹsẹ̀ lórí epo kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè bá wọn.